Bí A Ṣe Gbé Ojú Ìyá Tóyìn Lọ Wo Òdòdó ní Japan

Ẹ̀yin ará ilé, nígbà tí mo ti Japan dé, ohun tí ẹ kọ́kọ́ bi mí lórí fóònù ni pé ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń jẹ ẹja láìsè, àti pé ṣé rélùwéè wọn yára tó bí wọ́n ṣe ń sọ. Mo dá yín lóhùn wẹ́rẹ́, mo sì yí ọ̀rọ̀ padà. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi nǹkan pamọ́ fún yín. Ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò náà ló wúwo lọ́kàn mi, n kò sì mọ ibi tí ǹ bá ti mú un. Ní báyìí tí ara ti rọ̀ mí díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí gan-an.

Thamesmead

Ó ti lé ní ogún ọdún tí èmi àti ìyàwó mi, Àbẹ̀kẹ́, tí gbogbo yín ń pè ní Ìyá Tóyìn, ti ń gbé Thamesmead ní London. Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà. Iṣẹ́ ìmọ́tótó ni òun ń ṣe, ní ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Woolwich, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀ nígbà náà fún rélùwéè tuntun. Ilé àwọn arúgbó yẹn ló ti rí òdòdó náà. Ó ń nu tábìlì lọ́wọ́, tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ lára ògiri, ló bá rí àwọn ará Japan tí wọ́n tẹ́ ẹní sábẹ́ igi, tọmọdé tàgbà, tí wọ́n ń jẹun, tí òdòdó tí wọ́n ń pè ní sakura ń já bọ́ sí wọn lórí. Ó ní gbogbo àwọn arúgbó tó wà nínú yàrá náà ló dákẹ́, òun náà sì dúró tàkísà-tàkísà lọ́wọ́, títí ọ̀gá òun fi pe òun.

Nígbà tó délé, ó ní, "Bàbá Tóyìn, bí a bá gba ìsinmi lọ́dún tó ń bọ̀, ibẹ̀ la máa lọ."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Kí la fẹ́ lọ rà níbẹ̀?"

"A ò ní í ra nǹkan kan. A máa jókòó ni."

Tóyìn, ọmọ wa kan ṣoṣo, ní ilé tirẹ̀ ní Belvedere. Nígbà tó wá kí wa lọ́jọ́ Ìsinmi tó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó ní, "Mummy, but igi yẹn wà ní street mi. Every April ló máa ń yọ òdòdó. Kí lo tún fẹ́ lọ ṣe ní Japan?" Ẹ má bínú sí i o. Ibí ni wọ́n bí i sí, "ẹ" kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ dá a lóhùn pé, "Mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan wà lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́ mi náà. Abẹ́ rẹ̀ ni mò ń gbà sáré lọ, abẹ́ rẹ̀ ni mò ń gbà sáré bọ̀. Mo fẹ́ lọ síbi tí àwọn èèyàn ti ń jókòó wò ó, tí ẹnikẹ́ni ò sáré."

N kò rẹ́rìn-ín mọ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn. A bẹ̀rẹ̀ sí í múra.

Ọdún tí a kọ́kọ́ fẹ́ lọ ni ìyá mi kú ní Ìkirè. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ìsinmi tí a tọ́jú de òdòdó, ìsìnkú la fi ṣe. Ìyá Tóyìn kò ráhùn. Òun ló tilẹ̀ ń tù mí nínú pé òdòdó á tún yọ, pé a kì í sìnkú ìyá ẹni lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà òtútù tó tẹ̀ lé e ló bẹ̀rẹ̀ sí í da ife nù. Á na ọwọ́ sí i, ọwọ́ á sì gbá a ṣubú. Ó fẹsẹ̀ kọ níbi àtẹ̀gùn ọjà Woolwich, iṣu àti ata tó rà fọ́n ká. Mo bá a jà pé ìkánjú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹni tó ń ta gíláàsì ojú ló kọ́kọ́ yẹ ojú náà wò, tó sì kọ̀wé pé ká máa lọ sí ọsibítù. Dókítà pe àrùn náà ní glaucoma. Ó ní ọjọ́ ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀, pé láti ẹ̀gbẹ́ ló ti ń jẹ ojú bọ̀ wá sí àárín. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ká bí ihò páìpù, ó gbé e sójú, ó ní bí ìyàwó mi ṣe ń wo ayé nìyẹn. Ohun tó ti lọ kò ní padà. Oògùn tí a ó máa kán sí i kàn lè dá ohun tó kù dúró fún ìgbà díẹ̀ ni.

Ojú náà kò fìgbà kan dùn ún. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Olè tó bá fọ́ ilẹ̀kùn, èèyàn á gbọ́ ìró rẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, Ìyá Ìjọ pè wá lẹ́yìn ìsìn. Ó ti gbọ́ pé a ṣì fẹ́ lọ sí Japan. Ó ní, "Ẹ̀yin tó yẹ kẹ́ ẹ gbé ojú yìí lọ sílé, sórí òkè àdúrà, òdòdó lẹ fẹ́ lọ wò?"

Ìyá Tóyìn kúnlẹ̀ dá a lóhùn. "Mummy, mò ń gbàdúrà. Mò ń kán oògùn, mo sì ń fi omi àdúrà tẹ́ ẹ fún mi bọ́jú láràárọ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ojú yìí máa lọ, ẹ jẹ́ kó rí ohun tó wù ú kó tó lọ."

Ìyá Ìjọ wò ó títí. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí.

Láti ìgbà náà, ohun méjì la ń bá sáré. Àwọn ará Japan máa ń kéde òdòdó bí wọ́n ṣe ń kéde òjò: ó ti yọ níhìn-ín, ó kù díẹ̀ lọ́hùn-ún. Bó bá yọ tán, kì í ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lọ. Tóyìn ń wò ó lórí fóònù rẹ̀ láràárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, á sì pè wá. "Daddy, kò tíì yọ o." Èmi á wá yí padà, màá wo ojú ìyàwó mi bó ṣe ń wá ṣíbí lórí tábìlì. Ẹ̀rù ń bà mí pé òdòdó lè yọ kó sì rẹ̀ kí a tó dé, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ojú lè ṣáájú òdòdó lọ.

Dídé wa

Òtútù ló kí wa káàbọ̀ ní Tokyo, ojú ọ̀run sì rí bí ìsàlẹ̀ ìkòkò àlùmíníọ́ọ̀mù. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí tó yà mí lẹ́nu ni àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kó ẹrù sínú bọ́ọ̀sì ní pápákọ̀ òfuurufú. Nígbà tí bọ́ọ̀sì wa ń ṣí kúrò, wọ́n tò sójú kan, wọ́n sì tẹrí ba fún un. Bọ́ọ̀sì o! Láti ọdún tí mo ti ń wa bọ́ọ̀sì ní London, wọ́n ti bú mi, wọ́n ti tutọ́ sára dígí mi, ọmùtí kan tilẹ̀ ti ju bàtà lù mí. Mo wo ẹ̀yìn títí n kò fi rí àwọn èèyàn náà mọ́. Omi fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú mi.

Nínú rélùwéè tí a wọ̀ lọ sí Kyoto, ìlú àtijọ́ tí a fẹ́ dé sí, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ kún, síbẹ̀ n kò gbọ́ ju ìmí èèyàn lọ. Ìyá Tóyìn sọ sí mi létí pé, "Bàbá Tóyìn, ṣé òkú ni wọ́n gbé sínú ọkọ̀ yìí ni?" Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo sì há a mọ́nú.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a wọ rélùwéè kékeré tó ń lọ láàárín ìlú, mo rí ohun kan tó jọ ti London nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀. Àwọn èèyàn dúró, wọ́n di irin mú, àga ẹ̀gbẹ́ mi sì ṣófo. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jókòó tì mí. Wọn kò fojú burúkú wò mí. Wọn kò tilẹ̀ wò mí rárá. Mo ti gbàgbé bó ṣe máa ń rí lára. Lọ́jọ́ kejì, nínú irú ọkọ̀ yẹn náà, ọkùnrin àgbàlagbà kan rí bí ìyàwó mi ṣe ń fọwọ́ wá irin tí yóò dì mú nínú afẹ́fẹ́. Ó dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì tọ́ka sí àga rẹ̀, ó sì yára lọ sí yàrá ọkọ̀ tó tẹ̀ lé tiwa kí a má baà rí i dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlú yẹn náà nìyẹn. N kò mọ èyí tí ǹ bá mú nínú méjèèjì.

Ilé onílé

Ilé ìyá arúgbó kan la wọ̀ sí, ilé pákó kékeré tó ń gba àlejò. Kò gbọ́ Òyìnbó. Fóònù rẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀: á sọ tirẹ̀ sí i, fóònù á sì sọ ọ́ ní Òyìnbó fún wa. Ẹnu ọ̀nà la bọ́ bàtà sí. Ìyá Tóyìn ní, "Ṣọ́ọ̀ṣì wa nìyí gẹ́lẹ́," ó sì fi ẹsẹ̀ lásán wọlé pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ìyá náà kúnlẹ̀ kí wa káàbọ̀. Ìyàwó mi rí àgbà lórí ìkúnlẹ̀, báwo ni yóò ṣe dúró? Òun náà kúnlẹ̀. Ìyá náà rí i pé ó kúnlẹ̀, ó tún tẹ̀ síwájú sí i. Ìyá Tóyìn náà tẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde nínú wọn. Èmi tí mo dúró tì wọ́n pẹ̀lú àpótí ẹrù ni mo wúkọ́ kí ọ̀ràn náà tó parí.

Láàárọ̀, ó gbé oúnjẹ wá sínú àwo kéékèèké: ìrẹsì, ọbẹ̀ gbígbóná kan, ẹja sísun díẹ̀, àti nǹkan kan nínú abọ́ tí n kò tíì rí ojú rẹ̀ dáadáa tí Ìyá Tóyìn fi gbé imú sókè.

"Irú nìyẹn."

Mo ní, "Níbo?"

"Bàbá Tóyìn, mo ní irú nìyẹn. Irú wooro."

Mo wo inú abọ́. Ẹ̀wà tí wọ́n ti mú kó kan ni, ó ń fà bí ilá, òórùn rẹ̀ sì ni òórùn ilé ìdáná ìyá mi. Ìyàwó mi jẹ tirẹ̀, ó jẹ tèmi. Ìyá arúgbó náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Fóònù rẹ̀ sọ fún wa pé àwọn àlejò máa ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Ó tún bu òmíràn wá, àwọn méjèèjì sì ń rẹ́rìn-ín sí ara wọn bí ọmọ ìyá tó pàdé lẹ́yìn ọdún púpọ̀.

Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìrìn-àjò náà parí sí, ìròyìn ayọ̀ ni ǹ bá máa sọ fún yín.

Abẹ́ igi

Fóònù ìyá náà sọ pé òní ni òdòdó kún jù. Mo kán oògùn sí ìyàwó mi lójú, ó de gèlè rẹ̀ tó dára jù lọ, a sì jáde. Ojú ọ̀run funfun láti òpin dé òpin. Àwọn igi tò lọ lẹ́bàá ọ̀nà gbọọrọ kan, àwọn èèyàn sì ti tẹ́ ẹní ọ̀rá aláwọ̀ búlúù sábẹ́ wọn, bàtà wọn tò sí etí ẹní méjìméjì. Lóòótọ́ ni ohun tó rí lórí tẹlifíṣọ̀n. Kò sẹ́ni tó ń sáré.

Mo di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú, mo sì ń wo ojú rẹ̀. Ó gbé ojú sókè. Ó dúró pẹ́.

"Ó dára," ó ní. "Ó dára gan-an ni."

Ọkàn mi fúyẹ́. Mo ní, "A dúpẹ́."

Àwọn kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì pè wá sórí ẹní wọn. Wọ́n sún fún wa, wọ́n fún wa ní ìrẹsì tí wọ́n dì sínú ewéko òkun, wọ́n da nǹkan mímu sí ife. Obìnrin kan láàárín wọn tó gbọ́ Òyìnbó díẹ̀ bi ìyàwó mi bóyá ó fẹ́ràn rẹ̀. Ìyá Tóyìn ní ó rẹwà púpọ̀. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí òkè, ó sì sọ fún mi ní Yorùbá pé, "Wo bí wọ́n ṣe ṣù jọ níbẹ̀ yẹn."

Mo wo ibi tó nawọ́ sí. Òrùlé ilé ìtajà kan ló wà níbẹ̀, àti òpó iná.

Mo sún mọ́ ọn. Mo pe orúkọ rẹ̀, èyí tí n kì í sábà pè. "Àbẹ̀kẹ́, kí lò ń rí?"

Ó ń yí ife ọwọ́ rẹ̀.

"Sọ fún mi."

"Igi ni mò ń rí," ó ní. "Ìtì igi, ó dúdú. Tí mo bá gbójú sókè, gbogbo rẹ̀ funfun. N ò mọ ibi tí òdòdó parí sí, n ò mọ ibi tí ojú ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo gbọ́ bí o ṣe mí kanlẹ̀ nígbà tí mo ní ó dára. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbà á padà lọ́wọ́ rẹ?"

Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Obìnrin ọ́fíìsì náà rí i. Ó gbé ọwọ́ lé àyà ara rẹ̀, ó sì tẹrí ba fún ìyàwó mi, ó rò pé ẹwà òdòdó ló pa á lẹ́kún. Àwọn yòókù náà tẹrí ba. A ò sọ fún wọn.

Mo wá ẹ̀ka kan tó wá sílẹ̀, mo ní kó gbé ojú sún mọ́ ọn. Bí mo ṣe na ọwọ́ sí i, ẹ̀ṣọ́ kan fi apá méjèèjì ṣe àgbélébùú fún mi láti òkèèrè, ó sì tún tẹrí ba, pé ká dákun, a kì í fọwọ́ kàn án. Ìyá Tóyìn gbé imú sí ẹ̀ka náà láìfọwọ́ kàn án.

"Kò tilẹ̀ ní òórùn," ó ní.

Òjò

Mo gbàdúrà kí ojú ọ̀run mọ́ kó sì di búlúù, bóyá òdòdó á lè yàtọ̀ sí i lójú rẹ̀. Òjò ló rọ̀. Ó rọ̀ láàárọ̀, ó rọ̀ lálẹ́, ó tún rọ̀ lọ́jọ́ kejì, tòun ti afẹ́fẹ́. A jókòó nínú yàrá, à ń gbọ́ ìró rẹ̀ lórí páànù ẹ̀yìnkùlé. Ìyá arúgbó ń gbé tíì wá, kò sì bi wá ní nǹkan kan. Mo rò pé ó ti mọ̀. Ó ti rí i pé ìyàwó mi ń fọwọ́ tọ ara ògiri lọ sí ilé ìwẹ̀, ó sì ti gbé ìkòkò òdòdó tó wà lójú ọ̀nà kúrò.

Tóyìn pè. "Daddy, mo ń wò ó lórí fóònù, wọ́n ní òjò ti ń já a dànù. Ṣé ẹ rí i kó tó bọ́? Mummy ńkọ́, ṣé inú ẹ̀ dùn?"

Ìyá rẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ mi.

"Tóyìn, a lọ. Mo jókòó sábẹ́ ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sáré."

"Ṣé ó fine?"

"Ó fine gan-an."

Ó dá fóònù padà fún mi, ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ó kọ ojú sí ògiri.

Ojú omi

Àárọ̀ ọjọ́ tí a máa kúrò ni òjò dá. Mo ní ká rìn díẹ̀ kí a tó lọ, torí pé n kò lè jókòó sínú yàrá yẹn mọ́. Ọ̀nà kan wà lẹ́yìn ilé náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò tóóró kan tí wọ́n fi òkúta mọ etí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Omi náà dúdú, kò sì sáré. Òdòdó ti tán lórí igi. Inú ń bí mi sí òjò, ó ń bí mi sí ojú ọ̀run.

Lórí afárá kékeré kan ni Ìyá Tóyìn ti dúró lójijì, tó fa ọwọ́ mi.

"Kí ni funfun tó wà lójú omi yẹn?"

Mo wo ìsàlẹ̀. Mo ní, "Òdòdó ni. Èyí tí òjò já sílẹ̀ ni."

Ó kúnlẹ̀ sórí pákó afárá tó tutù, ó di irin rẹ̀ mú, ó sì na ọrùn. Ó ń yí orí díẹ̀díẹ̀, láti ọ̀tún sí òsì, bí ẹni tó ń ka ìwé tí lẹ́tà rẹ̀ kéré.

"Wọ́n ń lọ," ó ní. "Wọ́n so pọ̀ mọ́ra bí ẹní. Àwọn kan ti dé ibi òkúta, wọ́n pín sí méjì. Wọ́n tún ti pàdé. Bàbá Tóyìn, mò ń rí wọn. Mò ń rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan."

Mo kúnlẹ̀ tì í. Ọkùnrin kan tó ń mú ajá rẹ̀ rìn dé etí afárá, ó rí wa, ó sì dúró síbẹ̀ tajá-tajá, kò gba ẹ̀yìn wa kọjá títí a fi dìde.

Ìyá Tóyìn wò ó títí aṣọ rẹ̀ fi tutù dé orúnkún. Nígbà tó tó àkókò, òun fúnra rẹ̀ ló ní, "Ó tó. Jẹ́ ká máa lọ." Bí a ṣe ń padà, ó ní, "Èyí tó wà láàyè, n ò rí i. Èyí tó ti kú ni wọ́n fi hàn mí." Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń ráhùn. Ó kàn sọ ọ́ ni.

Ìyá arúgbó sìn wá dé ẹnu ọ̀nà. Wọn ò kúnlẹ̀ fún ara wọn lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú ni, láìsí fóònù láàárín wọn.

Lẹ́yìn tí a dé

Kò pẹ́ tí a padà sí Thamesmead tí a lọ sí ọsibítù. Dókítà yẹ ojú rẹ̀ wò, ó ní ti ọ̀tún ti lọ pátápátá, pé ti òsì kù díẹ̀ kín-ún, ká má gbọ́kàn lé e. Ó ní kó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n fún un ní ọ̀pá funfun, wọ́n sì fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn án ní gbàgede ọsibítù.

A wọ bọ́ọ̀sì padà sílé. Mo jókòó tì í lẹ́yìn ibi tí awakọ̀ wà, bí èrò. A ti kọjá Woolwich kó tó sọ̀rọ̀.

"Àwọn tó wà lórí igi lọ́jọ́ yẹn, ìwọ rí wọn. Báwo ni wọ́n ṣe rí? Màá fẹ́ mọ̀ ọ́n."

Mo ní, "Wọ́n funfun. Wọ́n pupa díẹ̀."

"Pupa bí kí ni?"

Mo wá a lọ́kàn mi, mo wá a títí. Mo rántí ẹní búlúù, mo rántí bàtà tó tò sí etí rẹ̀, mo rántí gèlè rẹ̀ àti omijé tí kò nù. N kò rí òdòdó kankan. Gbogbo ìgbà tí a fi wà lábẹ́ igi yẹn, ojú rẹ̀ ni mò ń wò, mò ń wá bóyá inú rẹ̀ ń dùn.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Ó fi ọwọ́ wá ọwọ́ mi lórí itan mi títí ó fi rí i.

"A jẹ́ pé kò sẹ́ni tó rí i nínú àwa méjèèjì," ó ní.

Bọ́ọ̀sì dé ibùdókọ̀ wa. Mo dìde, mo fún un ní ìgbọ̀nwọ́ mi, a sì sọ̀ kalẹ̀ sínú afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ bọ̀ láti odò.